Ogóje Aṣọ àti Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù keje

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ ebi sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ebi bá pa mí ju bó ṣe yẹ lọ, kí n kọ ọ́, kí n sì mú ìwé náà dání nígbà tí mo bá tún ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Èmi tó jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé-ìwé, ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà nìkan ni mò ń kọ. Ó dáa, mo ti ra ìwé.

Ebi tòní: kò sí. Mo gún abẹ́rẹ́ mi láàárọ̀ bí ìṣe mi, nínú ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Kílò 94. Ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, 131 ni mí.

Ṣùgbọ́n oníkẹ́míìsì ní oògùn náà ti tán lọ́jà. Ó ní èyí tí àwọn ń retí kò dé, òun ò sì mọ ìgbà tó máa dé; ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè jẹ́ oṣù méjì. Méjì péré ló kù sí mi nínú fíríìjì. Ojú ọjọ́ ṣú láti àárọ̀, òjò ò sì rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 6

Aṣọ dé. Ìdì mẹ́sàn-án, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Aṣọ ilé-ìwé fún ogóje ọmọ, ó sì gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó wọlé, ìyẹn ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án. Okùn ìránṣọ ti gbówó lórí láàárín oṣù kan, ẹni tó ń tà á sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe mí lóore. Èmi ni mò ń gé, èmi ni mò ń rán. Àǹtí Bọ́tìnì ló ń ṣẹ́tí, tó ń fi bọ́tìnì, tó sì ń lọ aṣọ. Àwa méjì náà nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò gba ẹnì kẹta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo lọ wọn àwọn ọmọ nílé-ìwé wọn kí wọ́n tó gba ìsinmi. Ìgbà ogóje ni mo kúnlẹ̀, ìgbà ogóje ni mo dìde, kò sí ẹni tó fà mí lọ́wọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, orí tábìlì ni mo ń gbé wọn lé kí n tó lè rí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò wọn, torí bí mo bá fi lè kúnlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àfi kí wọ́n pe èèyàn méjì wá gbé mi dìde. Ọmọ kan já bọ́ lórí tábìlì ọ̀hún. Kò fara pa, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́ lójú mi pé bóyá kí iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tó ṣì lè tẹ̀ ba. N kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Lónìí, ọmọbìnrin kékeré kan wo orí mi látòkè, ó ní, “Bàbá, kí lẹ̀ ń bẹ̀ mí fún?” Mo ní kó dákun fún mi ní gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ronú sí i, ó ní òun gbà.

Ọjọ́bọ̀, 9

Àǹtí Bọ́tìnì dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó bọ́ bàtà, ó ní, “Ọ̀gá, n kò dúró sinmi níbì kankan lónìí o.” Ó fi ọdún méjì jù mí lọ, ó sì tóbi dáadáa. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́ dípò kó wọ bọ́ọ̀sì. Mo kí i kú iṣẹ́.

Èmi ni mo kó o sínú ìrìn yìí. Nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí fúyẹ́, ó bi mí ní ohun tí mò ń ṣe, mo ní ìrìn ni. Mo ní, “Ìrìn àárọ̀, Àǹtí, kò sí nǹkan mìíràn.” Ọ̀rọ̀ yẹn kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni. Ojú ló tì mí. Àgbà ọkùnrin tó ń gún abẹ́rẹ́ kó má baà jẹun jù, báwo lèèyàn ṣe ń sọ ìyẹn síta? Lóòótọ́ mo máa ń rìn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ló jẹ́ kí n lè rìn.

N kò mọ̀ pé á gbà mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Òní ló yẹ kí n gún un. N kò gún un. Bí aṣọ ò bá tó, ọgbọ́n la fi ń gé e; ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń yọ ẹ̀wù nínú aṣọ tí àwọn mìíràn ní kò lè tó ṣòkòtò. Mo gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀, mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ. Dípò ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ méjìlá. Méjì tó kù á gbé mi jìnnà.

Ìyàwó mi ní, “Ṣé ẹ ti bi nọ́ọ̀sì?” Mo ní kí ni n ó tún bi í, ṣé òun ló kọ́ mi ní ìṣirò ni? Ó ní, “Ẹ kú ọgbọ́n o.” Bó ṣe sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo gún ọ̀kan. Ebi: díẹ̀, kò tó nǹkan. Kọ́là méjìlélógún lónìí. Òjò rọ̀ láti ọ̀sán, orí páànù ń dún, inú wa dùn nínú ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí Bọ́tìnì ń kọrin tí kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 22

Ebi tòní: ó wà. Kì í ṣe ebi inú, torí mo jẹun dáadáa láàárọ̀. Ti orí ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ń rán kọ́là, ó ń sọ fún mi pé búrẹ́dì wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Mo rán òmíràn, ó ní ó ṣì gbóná o. Mo bú u, ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ó tún dé. Mo ti rò pé ó ti kó kúrò ládùúgbò yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Mo gún èyí tó kẹ́yìn. Kílò 95. Ìyàwó mi wo kàlẹ́ńdà, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Bí obìnrin yẹn ò bá sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹjọ

Búrẹ́dì kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, lórí ìdúró, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Iná lọ, áyọ́ọ̀nù tutù. Aṣọ mọ́kàndínláàádọ́ta ti parí.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Kílò 98. Mo jẹ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì, mo tún lọ ṣí ìkòkò wò bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù síbẹ̀. Ìyàwó mi bá mi lórí ẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo sọ ọ́ di ìjà. Mo ní ṣé èèyàn ò lè ṣí ìkòkò nínú ilé ara rẹ̀ mọ́ ni?

Ó ní, “Ta ló bá yín jà?”

Mo jókòó. Mo sọ ohun tó wà nínú mi látàárọ̀ fún un. Mo ní ó ti hàn báyìí pé wọ̀bìà ni mí, abẹ́rẹ́ ló kàn ń bò mí láṣìírí. Gbogbo kílò tí mo sọ̀ kalẹ̀, irọ́ ni; bí abẹ́rẹ́ bá ti kúrò, èmi gan-an náà á yọjú.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó tì mí. “Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́? Ọdún kẹsàn-án rèé. Lọ́dún tí a gbàgbé ẹ̀ sílé, tí a lọ kí àbúrò mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ yín ò lọ sókè ni?”

“Ó lọ sókè.”

“Ta ló pè yín ní wọ̀bìà ẹ̀jẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ n kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dé ìkòkò, ó fún mi ní ẹyin sísè kan, ó ní kí n lọ wo bí òjò ṣe ń rọ̀. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi. Mo kọ ọ́ síbí, kí nọ́ọ̀sì náà kà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Kẹ́míìsì: kò sí. Aṣọ mọ́kànlélọ́gọ́rin. Orúnkún òsì ti ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ó dé. Oníkẹ́míìsì pè mí fúnra rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó ní páálí méjì ni òun fi pa mọ́ fún mi. Mo sáré débẹ̀, mo sì pa àwọn tó wà nídìí káńtà lẹ́rìn-ín, torí mo kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi nígbà kan pé bí mo bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì láìgún un, kí n kọ́kọ́ pe òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó dín ọjọ́ kan rèé. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìpè? Kílò 99, aṣọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mo gún ìwọ̀n ńlá tí mo ń gún tẹ́lẹ̀, odindi. Ara tó ti pàdánù abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó yẹ ká sanwó rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo bì nígbà mẹ́fà. Ìyàwó mi ló kà á.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Omi nìkan. Omi náà ò fẹ́ dúró.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ìyàwó mi ní kí n má lọ, mo lọ. Aṣọ mẹ́tàlélógójì ló kù, ta ni n ó gbé e fún? Mo rán ẹyọ kan, mo gbé orí lé ẹ̀rọ kí n sinmi díẹ̀, ohun tí mo tún mọ̀ ni pé Àǹtí Bọ́tìnì ń fi omi tútù nù mí lójú.

Ó ní, “Ọ̀gá, ìrìn yìí ti pọ̀ jù fún yín. Gbogbo oòrùn tó mú lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ẹ̀ lẹ̀ ń rìn. Ẹ má fi ẹ̀mí yín ṣe é.”

Ó gba ìdí ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó ní òun á rán ẹ̀gbẹ́ àti apá, kí èmi máa fi bọ́tìnì. Mo fi bọ́tìnì méje láàárín wákàtí kan, mẹ́ta nínú wọn wọ́. Ó wò ó, ó ní òun ti mọ ìdí tí Ọlọ́run fi dá òun báyìí.

Bó ṣe ń rán lọ, tí kò wẹ̀yìn, ó ní, “Ṣùgbọ́n tiyín ṣáà ń já sí nǹkan kan. Èmi, oṣù mẹ́sàn-án, kílò méjì. Ẹsẹ̀ mi ń wú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọ̀lẹ ni mí, Ọ̀gá. Ìrìn ọ̀lẹ ni mò ń rìn, ẹsẹ̀ ọ̀lẹ ló wà nídìí mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju inú tó ń rú mi lọ. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́, mo tún pa á dé. Ojo ni mí. Mo ní, “Àǹtí, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.” N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi tí mo mọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ìyàwó mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì, ọmọ kékeré yẹn, ka ìwé yìí tán níwájú mi, títí kan ibi tí mo ti ní òun kọ́ ló kọ́ mi ní ìṣirò. Ó pa ìwé dé. Ó ní, “Bàbá, ṣé aṣọ lẹ̀ ń gé ni, àbí oògùn?”

Ó ní oògùn kì í gùn bí a bá fà á. Ó ní nígbà tí mo ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìgún un, ara mi ti di àjèjì sí i, n kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n ńlá lù ú lójijì. Kí n fi ọ̀sẹ̀ yìí sinmi, kí n mu omi díẹ̀díẹ̀, kí n padà sí ìwọ̀n kékeré ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a tún jọ máa gòkè bọ̀. Bí èébì náà bá tún bẹ̀rẹ̀, kí n má dúró dọ̀la. Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ bí ọmọ ilé-ìwé, ìyàwó mi sì ń gbádùn rẹ̀.

Mo wá bi í ní ohun tó ti wà nínú mi látọjọ́ yìí, pé ìgbà wo ni n ó dáwọ́ dúró. Ó nawọ́, ó bọ́ gíláàsì kúrò lójú mi, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Mo ní ibo ni ògiri wà? Ó dá gíláàsì padà fún mi. Ó ní, “Ẹ ti ń wọ èyí tipẹ́, ẹ ò bi ẹnikẹ́ni ní ìgbà tí ẹ máa bọ́ ọ. Bí oògùn yìí bá ṣì ń ṣe yín lóore, tí kò pa yín lára, ẹ máa lò ó. Àwa náà á máa wò yín lọ.”

Nínú bọ́ọ̀sì, ara mi balẹ̀, n kò tètè mọ ohun tó fà á. Ó ti lé lọ́dún tí mo ti ń retí ọjọ́ tí wọ́n á sọ pé mo ti yege, kí n dá abẹ́rẹ́ wọn padà. Kò sí ọjọ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ pé ìrètí ọjọ́ yẹn ti ń rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Ìwọ̀n kékeré. Inú mi gbà á. Aṣọ méjìdínlọ́gọ́fà, Àǹtí Bọ́tìnì ló sì rán èyí tó pọ̀ jù nínú ti ọ̀sẹ̀ yìí. Àpò tó ń rán dára ju tèmi lọ. Mo sọ fún un, ó ní òun mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹsàn-án

Ogóje pé. Ọ̀gá ilé-ìwé yẹ ìránṣọ wò nínú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lóde, ó fa bọ́tìnì bíi mẹ́wàá, kò sí èyí tó já. Ó ní ti ọdún tó ń bọ̀, kí a tún múra sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo tún etí ṣòkòtò ọmọ kan tó ti ga sí i láàárín oṣù méjì ṣe, mo sì dìde láìdi nǹkan kan mú. N kò mọ̀ bóyá ó ṣàkíyèsí. Èmi ṣàkíyèsí.

Àǹtí Bọ́tìnì jó díẹ̀ lẹ́nu géètì, ó wá di orúnkún mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi bàjẹ́ nínú ayọ̀ yẹn. Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí dúró lọ́wọ́ mi, mo fi dù ú.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Ìwọ̀n kékeré. Kílò 97.

Àǹtí Bọ́tìnì ń gbá okùn ilẹ̀ nígbà tí mo ní kó jọ̀ọ́, kó jókòó. Ó ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní nǹkan wà.

“Àǹtí, ìrìn kọ́.”

“Kí ni ìrìn kọ́?”

“Ara mi tó fúyẹ́. Abẹ́rẹ́ ni mò ń gún, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: oògùn náà, nọ́ọ̀sì àti ilé ìwòsàn tó wà, bó ṣe tán lọ́jà, ohun tó dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó di ìgbálẹ̀ mú, kò gbá, kò gbé e sílẹ̀.

“Títí di ìgbà wo lẹ máa fi gún un?”

“Bó bá ṣì ń ṣe mí lóore, títí lọ ni.” N kò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí.

“Láti oṣù kọkànlá,” ló wí. “Ẹ̀ ń wò mí tí mò ń wọlé, tí mò ń bọ́ bàtà. Ẹ̀ ń kí mi kú iṣẹ́.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbá ilẹ̀ tán, ó mú báàgì rẹ̀, kò sọ pé ó dàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 7

Àǹtí Bọ́tìnì ò wá. Ọdún mọ́kànlá tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò pa iṣẹ́ jẹ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ebi tòní: kò sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Bọ́ọ̀sì ló gbé e wá. Ó kí mi, ó jókòó, ó gbé sikẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan lé itan, ó ń ṣẹ́tí rẹ̀. Mo ní, “Àǹtí, ẹ má bínú.” Ó ní òun ń bínú, kí n jẹ́ kí òun bí i tán. Mo jẹ́ kó bí i. Òun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló tó sọ ibi tó wà lánàá. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ló lọ. Ìlà gùn, ó tó ìrọ̀lẹ́ kó tó kàn án. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, dókítà á rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, wọn ò tíì mọ̀.

“Nọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé mo máa ń rìn. Mo ní láti ilé dé ibi iṣẹ́, oṣù mẹ́wàá. Ó ní kí n tún un sọ. Ó ní pẹ̀lú orúnkún yìí?” Ó fi abẹ́rẹ́ sínú aṣọ, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. “Ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi dára ju tàwọn ọmọdé lọ, pé ẹsẹ̀ mi ló ṣe é. Ẹ gbọ́, Ọ̀gá? Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń fi omi gbígbóná bọ ẹsẹ̀ yìí, tí mo sì ń bú u. Kò sí èébú tí n kò bú u tán.”

Ó gbé sikẹ́ẹ̀tì kúrò lórí itan. Ó bọ́ bàtà, ó fa àga kejì súnmọ́ ara rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e lórí, ó sì wò wọ́n títí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ló wí. “Ẹ má bínú sí mi.”

Mo fẹ́ dá a lóhùn, kí n tó rí i pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.